Epo Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Oògùn Ara Yíyún Ajá

Ní àárọ̀ Sátidé kan, aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán yẹ̀rì. Tanímọ̀la, ajá rẹ̀ tó lóyún, kò jẹ́ kó gbádùn. Ó ń họra ṣáá, ó ń fi eyín ha ìdí ìrù rẹ̀ bí ẹni ń jẹ àgbàdo.

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé tó jẹ́ ìdí ìrù nìkan ló ń gé jẹ?"

Ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì, rẹ́rìn-ín. "Kúrúnà ni. Epo ẹ́ńjìnnì tí mo tú kúrò nínú ọkọ̀ lánàá ló máa pa á."

"Báwo lepo ọkọ̀ ṣe ń wo awọ sàn?"

"Ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù."

Ó fi epo dúdú náà ra ajá láti ọrùn dé ìrù. Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti ń bì, ó ń gbọ̀n. Wọ́n sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Dókítà, obìnrin tí kì í pariwo, fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ fọ epo náà kúrò, ó sì fa omi sí ajá lára. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, dókítà fi òòyà ya irun ìdí ìrù rẹ̀ tó ki, tí omi kò wọ̀ dénú, sórí aṣọ funfun. Nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ já bọ́. Ó kán omi sí wọn, wọ́n pọ́n.

"Ẹ̀jẹ̀!" ni aránṣọ wí.

"Ìgbẹ́ kòkòrò kékeré tí ń fò kiri láàárín irun ajá ni, mà. Ẹ̀jẹ̀ ajá yín ló ń mu. Ẹyin rẹ̀ á ti wà lórí ẹní àti lábẹ́ àga. Tí ẹ bá fún ajá lóògùn, tí ẹ ò fọ ibùsùn rẹ̀, tí ẹ ò gbálé dáadáa, asán ni."

"Ṣé òun náà ló ń fa gbogbo ara yíyún?"

"Rárá. Nígbà míì, kòkòrò tójú ò rí ló wà nínú awọ, tàbí kí oúnjẹ má bá a lára mu. Ìdí nìyẹn tá a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ká tó fún un lóògùn."

"Epo yẹn ńkọ́?" ni mẹkáníìkì bi í, ojú ń tì í.

"Májèlé ni, sà. Ó ń jó awọ, ajá sì ń lá a."

Tanímọ̀la yè, àmọ́ oyún rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ mẹ́rin. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló gbẹ́lẹ̀ sin wọ́n.

"Ẹnu èèyàn ni mo ti gbọ́ ọ," ló wí. "Mi ò bi ẹni tó mọ̀."

"Èmi bèèrè," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, "àmọ́ mi ò di ọwọ́ yín mú."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lájá, ajá ò lẹ́nu láti sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ wo ibi tó ń họ. Ẹ má fi epo ọkọ̀, kẹrosíìnì tàbí oògùn kòkòrò oko kàn án lára. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.