Wákàtí Mẹ́jọ Lókè Sánmà

Pẹ́pẹ́yẹ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí bó ṣe ń rìn. Láàárọ̀ yìí, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lónìí.

Oṣù mẹ́fà ni ìyá rẹ̀ ti fi ń kàwé ní ìlú kan tó jìnnà réré.

"Màmá Àgbà, báwo ló ṣe jìn tó?"

Aránṣọ ni Màmá Àgbà. Ó mú òwú pupa, ó fi gba ojú bọ́tìnnì funfun kan. Ó wá fi abẹ́rẹ́ méjì kan òwú náà mọ́ àwòrán ayé tó wà lára ògiri. Abẹ́rẹ́ kan mọ́ ìlú ọ̀hún. Abẹ́rẹ́ kan mọ́ ìlú tiwọn.

Òwú náà kò gùn ju apá Pẹ́pẹ́yẹ lọ.

"Kò mà jìn, Màmá Àgbà."

"Wákàtí mẹ́jọ ni bàálù máa fi fò ó, ọkọ mi."

Màmá Àgbà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́jọ sábẹ́ òwú. "Bọ́tìnnì yìí ni bàálù ìyá rẹ. Ó ti gbéra báyìí. Bí aago bá ti lù, sún un dé ìlà kan."

Kẹkẹkẹkẹ, ni máṣínnì ìránṣọ Màmá Àgbà ń dún. Gbaun, ni aago lù. Pẹ́pẹ́yẹ sún bọ́tìnnì.

Kẹkẹkẹkẹ. Gbaun. Ó tún sún un.

"Ó ti pẹ́ jù."

"Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

"Màámi kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, Màmá Àgbà."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ wá sórí imú.

Nígbà tó kọjú sí aṣọ tó ń lọ̀, Pẹ́pẹ́yẹ ti bọ́tìnnì, fììì, ó di ìparí òwú. Ó sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn.

Ológbò kan jókòó lójú títì. Kò sí ẹlòmíì.

Pẹ́pẹ́yẹ bú sẹ́kún.

"Mo ti ti Màámi kọjá ilé. Wọn ò ní rí wa mọ́."

Màmá Àgbà gbé e lé ẹsẹ̀. "Ọwọ́ wa kọ́ ló ń ti bàálù, ọmọ mi. Ó mọ ọ̀nà. Dijú, kí o wò ó."

Pẹ́pẹ́yẹ dijú.

Ó rí bàálù kékeré kan lórí ìkùukùu. Ìkùukùu náà rọ̀ bíi tìmùtìmù. Hùùù, ni bàálù ń dún. Ìyá rẹ̀ fi orí ti fèrèsé, ó ń tòògbé.

Òkun kọjá lábẹ́ rẹ̀. Òkè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bàálù kò kánjú. Kò sì dúró. Ó ń bọ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ la ojú. Òun fúnra rẹ̀ ló dá bọ́tìnnì padà sí ìlà kejì.

Gbaun. Ìlà kẹta. Ó jẹun.

Gbaun. Ìlà kẹrin. Ó sùn díẹ̀ lórí àjákù aṣọ.

Gbaun. Gbaun. Gbaun.

Gbaun. Ìlà kẹjọ.

"Ó ti balẹ̀," ni Màmá Àgbà wí. "Ó kù kó gba ẹrù rẹ̀, kó sì wọ mọ́tò."

Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró.

Kò, kò, kò.

Pẹ́pẹ́yẹ dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ gbágbágbá.

"Màámi, wákàtí mélòó lẹ máa lò kẹ́ ẹ tó tún lọ?"

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo ti kàwé tán, ọkọ mi. Mi ò lọ mọ́."

Pẹ́pẹ́yẹ gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ pẹ́.