Fìlà Pépà Tí Wẹ́dà Gé

Iṣẹ́ tí kò le rárá ni wọ́n torí ẹ̀ pe àwọn òbí wá sí kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n fẹ́ bá àwọn ọmọ ṣe fìlà pépà tí wọ́n máa dé ṣeré: fìlà ọba, fìlà sójà, fìlà panápaná. Ẹ ó wọn orí ọmọ, ẹ ó gé pépà, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó parí.

Ọkùnrin kan ló sọ ọ́ di wàhálà. Wẹ́dà ni, ó ga, àpá iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rún ara pọ̀ sórí àga ọmọdé bí ẹni tó jókòó sórí póò. Fìlà tó kọ́kọ́ gé kò wọ orí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Èyí tó tẹ̀ lé e bo ọmọ náà lójú títí dé àgbọ̀n. Kó tó gé òmíràn, gọ́ọ̀mù ti lẹ ìka rẹ̀ pọ̀.

Àǹtí, olùkọ́ wọn, gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kó jọ̀ọ́, pé pépà nìyí, kì í ṣe irin. Wẹ́dà ní òun ti rí i bẹ́ẹ̀, pé irin ì bá ti gbọ́ràn. Inú ń bí Àǹtí, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa á, ìyẹn sì tún bí i nínú sí i.

Ìyàwó wẹ́dà ti kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rákòrò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń di irun ọmọ, òun ló ń mú un wá sílé ìwé. Láti ọjọ́ fìlà yẹn, kò tètè kúrò lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mọ́. Lónìí, á mú fìlà tó gé nílé wá pé kí Àǹtí wò ó. Lọ́la, á béèrè bóyá ilẹ̀kùn kan wà tí òun lè bá wọn tún ṣe. Kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àǹtí ti mọ̀ ọ́n, ìfẹ́ ọkùnrin náà sì ti wọ òun náà lára. Ó ń retí kí ọ̀gbẹ́ni la ẹnu títí ó fi sú u.

Bàbá Àǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, ló bá ní òun ò fọwọ́ sí i.

"Ṣé ọmọ olọ́mọ lo wá fẹ́ lọ máa tọ́?"

"Bàbá mi, ṣebí iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn."

Bàbá ní òun ò bá a ṣàwàdà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí wẹ́dà. Dípò kó wá, ńṣe ló sá. Ìyá aládùúgbò rẹ̀ kan ló wá ń mú ọmọ wá, tó sì ń mú un lọ. Ọmọ náà bi Àǹtí pé kí ni bàbá òun ṣe.  Àǹtí sunkún díẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣeré sí, ó nu ojú, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lọ.

Géètì kan ni wẹ́dà ń jó lọ́wọ́. Àǹtí dúró títí iná fi kú, tí wẹ́dà sì ṣí ìbòjú rẹ̀.

"Ta ló kọ̀ mí, bàbá mi àbí ìwọ?"

Kò pè é ní "ìwọ" rí. "Ẹ̀yin" ló máa ń pè é, bí olùkọ́ ṣe ń pe òbí. Wẹ́dà gbọ́ ọ, ó sì rọra gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kó torí òun bá bàbá rẹ̀ jà. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, pé òun ti sin ìyàwó kan, òun ò mọ̀ bóyá òun tún lè dá irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ láṣà.

"Olólùfẹ́ mi, ó ti sú mi. Lọ fọ ọwọ́ ẹ, ká lọ bá bàbá mi."

Ní pálọ̀ bàbá Àǹtí, wẹ́dà jókòó. Bàbá bi í pé kí ló gbé e wá. Wẹ́dà sún ìdí lórí àga. Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wo òkè àjà. Nígbà tó yá, ó sú bàbá náà.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni àbí o ò fẹ́? Sọ̀rọ̀."

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, sà. Mi ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ wẹ́dà wá kí òun rí i.

Ọmọ dé, ó kí bàbá Àǹtí, ó sì gun orí itan rẹ̀ láìdúró kí ẹnikẹ́ni ní kó wá, ó ń bi í léèrè ìdí tí imú rẹ̀ fi hu irun. Bàbá ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé e kalẹ̀. Ibẹ̀ lọ́mọ náà sùn sí títí wọ́n fi mú ọjọ́ ìgbéyàwó.