Ẹ̀rọ Ooru Tó Ní Ọ̀gá Méjì

"Ilé yìí ò tutù, Janelle. Ó tura ni."

"Ó tura kẹ̀? Imú mi ti pọ́n bí ata rodo, o ní ó tura."

"Tutù yàtọ̀ sí tura. Tí omi inú ife bá dì, ilé tutù nìyẹn. Ṣé omi ti dì nínú ife?"

"Tí omi bá dì nínú ife, Dale, ta ló máa ṣẹ́kù tó máa wá wò ó?"

Báyìí ni tọkọtaya yìí ṣe ń já ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́ látìgbà tí kọfí ti wà lórí iná títí kọfí fi tutù. Tàbí títí ó fi tura. Ẹni tí ẹ bá gbà gbọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Duluth, ìlú tí òtútù ti ń mú gan-an, lórí òkè tó kọjú sí adágún, ni wọ́n wà. Oṣù kẹwàá ti ń parí lọ, ewé ti já tán lórí igi, afẹ́fẹ́ adágún sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Dale ní nínú ìdílé tàwọn, ẹnikẹ́ni kì í tan ìléru ilé, iná ńlá tó ń mú gbogbo yàrá móoru, kí oṣù kọkànlá tó wọlé. Tí òtútù bá mú ọmọ, wọ́n á fún un ní súwẹ́tà. Tó bá ṣì ń mú un, wọ́n á fi òmíràn kún un. Tó bá tún ráhùn, wọ́n á ní kó lọ la igi. Janelle ní òun ti gbọ́, àmọ́ nínú gbogbo ìdílé Dale, kò sí ọmọ kan tó wá sáyé kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Otto, ọmọ wọn, kánjú wá. Inú àpótí gíláàsì ní ọsíbítù ló ti bẹ̀rẹ̀ ayé, tí Janelle ń ti ọwọ́ bọ ihò ara àpótí kó tó lè fọwọ́ kan ọmọ tó bí fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jàjà gbé e wálé, dókítà kìlọ̀ pé ara rẹ̀ ò tíì lè dá mú ara rẹ̀ gbóná. Tí ilé bá tutù, gbogbo wàrà tó bá mu ni ara á fi ṣe igi ìdáná, kò ní ṣẹ́kù èyí tó máa di ẹran. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wọ̀n ọ́n nílé sì ti sọ nígbà tó wá kẹ́yìn pé ọmọ ò wúwo sí i. Tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ bẹ́ẹ̀, inú àpótí gíláàsì yẹn náà ló máa padà sí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì tún ń bọ̀.

Kí ẹ má sì rò pé Dale ò bìkítà o. Ẹnu nìkan ló ní. Àtìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ló ti pa òfin bàbá rẹ̀ tì, tó tan ìléru tó wà nísàlẹ̀ ilé, tó sì tẹ ẹ̀rọ ara ògiri tó ń pàṣẹ fún un sí àádọ́rin, èyí tó jẹ́ ìlọ́wọ́wọ́ lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún rí roboto bí ìdérí ìkòkò kékeré, nọ́ńbà ń tàn lójú rẹ̀. Ohun tó ń dun tọkọtaya ni pé wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí àádọ́rin, wọ́n á yíjú, nígbà tí wọ́n bá fi máa padà wá, ó ti bọ́ sí méjìlélọ́gọ́ta. Ìléru á ti pa ẹnu mọ́. Janelle gbà pé Dale ló ń jí i tẹ̀ nítorí ẹ̀mí bàbá rẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Dale gbà pé ìyá Janelle tó wá kí ọmọ ni. Ìyá Janelle sì ti padà sílé rẹ̀ ní Iowa, nọ́ńbà ṣì ń bọ́.

Ni Dale bá gbé àga ilé ìdáná, ó gbé e síwájú ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ká apá mọ́ àyà bí ọlọ́pàá. Ó ní lónìí lòun máa mú olè. Janelle gbé Otto mọ́ra, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ.

Wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nọ́ńbà dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lójú wọn: àádọ́rin, mọ́kàndínláàádọ́rin, ó ń lọ bí ẹni tó ń rọra sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀, títí ó fi dúró ní méjìlélọ́gọ́ta.

Dale wo Janelle. Janelle wo Dale. Kò sẹ́ni tó lè fẹ̀sùn kan ẹnì kejì mọ́, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà wọ́n.

Ọkùnrin tí ẹ̀rù bá bà máa ń ronú kíákíá, kì í sì í ronú dáadáa. Dale ní aṣiwèrè ni ẹ̀rọ yẹn, ohun tó bá kàn án lára ló fi ń mọ̀ bóyá ilé tutù. Tí òtútù gidi bá kàn án, á gbàgbé nọ́ńbà, á ní kí ìléru ṣiṣẹ́. Ló bá lọ sí fìrísà, ó mú ẹja ńlá kan tó pa lórí adágún jáde, èyí tó gan bí òkú Èkó, ó fi okùn bàtà so ó rọ̀ mọ́ ẹ̀rọ lára ògiri.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹja ṣiṣẹ́. Ìléru bú ramúramù nísàlẹ̀ ilé. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Dale jó yípo tábìlì. Àmọ́ ẹja ò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dúró. Ilé móoru, ó gbóná, ó di ilé búrẹ́dì. Janelle bọ́ súwẹ́tà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ń fi páálí fẹ́ Otto tójú rẹ̀ ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ni omi ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀.

Bí ilẹ̀kùn ṣe dún nìyẹn. Nọ́ọ̀sì Rosalind wọlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́wọ́, obìnrin tó sanra díẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo ẹja. Ó wo Dale. Ó ní òun ti ń wọ ilé onílé tipẹ́, òun ò sì ní béèrè nǹkan kan títí òun á fi wọn ọmọ.

Ó gbé Otto sórí òṣùwọ̀n. Ojú òṣùwọ̀n ò kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Janelle ò sunkún. Ó kàn di etí òṣùwọ̀n mú bí ẹni pé ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní òun máa wá lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó pe dókítà, àmọ́ ilé gbọ́dọ̀ dúró lójú kan. Kó tutù ò dáa, kó gbóná bí èyí náà ò dáa, torí ooru àjùlọ lè ṣe ọmọ ìkókó léṣe ju òtútù lọ nígbà míì. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹja kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè.

"Ta ló kọ́kọ́ fi fóònù rẹ̀ so ẹ̀rọ yìí?"

Dale ní bàbá tó ta ilé fáwọn ni, Vernon Tvedt, ẹni rere tó ti kó lọ sí Arizona pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Bernice. Ó fi àpótí Wai-Fai rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn pàápàá, ó ní gbogbo nǹkan ti wà létò, káwọn má yọ ara wọn lẹ́nu. Àwọn ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan, torí kò dáa kéèyàn máa tú ohun tí àgbà tò.

"Ó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ilé?"

"Gbogbo ẹ̀, tó fi mọ́ ti ilé ẹyẹ tó wà lẹ́yìnkùlé."

"Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ yìí ńkọ́?"

Dale tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ ẹ̀rọ. "Kò níhò, Nọ́ọ̀sì."

Rosalind wá jókòó. Ó ní fóònù ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ, ibikíbi tí ì báà wà láyé, òun ni baálé ilé yẹn. Ó ní òun mọ̀ nítorí pé ọkọ òun àtijọ́ fi òtútù bá òun jà odidi ìgbà òtútù kan láti yàrá ìyàwó tuntun, tí òun ń dá ìléru lẹ́bi.

Ó ní kí wọ́n pe bàbá. Ojú ti Dale díẹ̀, àmọ́ ó pè, ó sì fi ohùn sí gbangba kí gbogbo wọn lè gbọ́. Ní Duluth, èèyàn kì í dédé já sí ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ sọ. Ojú ọjọ́ lèèyàn á kọ́kọ́ béèrè. Dale béèrè ojú ọjọ́.

"Ó gbóná, ọmọ mi," ni Vernon wí. "Ẹ̀rọ ilé wa ò sì gbọ́ràn. Àtìgbà tí a ti dé ni mo ti ń fi fóònù tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kó lè fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wa, pàbó. Bernice ló ń jí i gbé sókè lẹ́yìn mi. Wò ó, ó tún ti gbé e sí àádọ́rin. Dúró ná, kí n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀."

Lára ògiri Duluth, níwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà bọ́ sí méjìlélọ́gọ́ta.

Dale fọwọ́ bo ẹnu. Janelle ló gba fóònù.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ gbé e sókè."

"Sókè kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ ká yan ni?"

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Nọ́ńbà gùn padà.

Ẹ̀rọ méjì ló wà lójú fóònù bàbá, ti Duluth àti ti Arizona. Ìgbà tó ń so ti Duluth lọ́jọ́sí, ó pe orúkọ rẹ̀ ní "Ilé". Ẹni tó wá so ti Arizona náà pè é ní "Ilé". Èyí tó wà lókè ni bàbá ń tẹ̀. Oòrùn Arizona ń lu bàbá, bàbá ń kó òtútù ránṣẹ́ sí Otto. Janelle ń gbé nọ́ńbà sókè nítorí ọmọ, Vernon ń bá Bernice jà nítorí ẹ̀. Ilé méjì ń tú ká lórí ìdérí ìkòkò kan.

Nígbà tí Janelle ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ, bàbá bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí Ọlọ́run dárí ji òun. Wọ́n gbọ́ ohùn Bernice lẹ́yìn, tó ń sọ pé òun wí bẹ́ẹ̀, òun wí bẹ́ẹ̀. Vernon yọ ilé Duluth kúrò lójú fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí ó ní ó ku díẹ̀ kí Bernice kó lọ sílé àbúrò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí wọ́n fi mọ síbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá gba ilé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ilé fúnra rẹ̀. Ó jókòó ti Janelle títí wọ́n fi nu àkáǹtì àtijọ́ kúrò lójú ẹ̀rọ, tí Janelle fi ìméèlì ara rẹ̀ ṣí tuntun, tó yan páswọ́ọ̀dù tí kò lò níbòmíì. Wọ́n yí orúkọ àti páswọ́ọ̀dù Wai-Fai náà padà. Wọ́n rí i pé bàbá ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti tutù nígbàkigbà tó bá rò pé kò sẹ́nì kankan nílé, wọ́n pa ìyẹn náà. Janelle yan ibi tí ooru ò gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ kọjá, ó sì fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tì í.

Nígbà tí Rosalind padà wá, ojú òṣùwọ̀n gùn. Kò gùn púpọ̀, àmọ́ ó gùn. Janelle di nọ́ọ̀sì mọ́ra, ó sunkún èyí tí kò sun tẹ́lẹ̀. Ó ń sọ pé ẹ ṣé, ẹ ṣé, kò rí ọ̀rọ̀ míì sọ, Rosalind náà sì ń nu ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ Otto. Vernon fi páálí ọsàn kan ránṣẹ́ láti Arizona. Bernice hun fìlà kan sínú ẹ̀ fún ọmọ. Ìdúpẹ́ di ohun tí wọ́n ń jù síra wọn lórí fóònù bíi bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọ̀gá méjì kì í wà nínú ọkọ̀ kan. Tí ẹ bá ra ilé tàbí tí ẹ gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó ń kó jáde, ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ irin nìkan. Ẹ béèrè pé fóònù ta ló wà lórí ẹ̀rọ ooru, kí ẹni náà yọ ara rẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì nù ún mọ́. Kí ẹ tó nù ún, ẹ ya fọ́tò bó ṣe wà, kí ẹ sì mọ irú ìléru tí ẹ ní, torí ẹ̀rọ lè tún béèrè. Tí ẹ̀yin bá sì ń kó jáde, ẹ yọ ara yín kí ẹ tó tilẹ̀kùn. Bákan náà ni tí tọkọtaya bá pín yà: ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ wo àṣẹ àtijọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ, kódà ti ilé iṣẹ́ iná tí ẹ lè ti gbà láyè láti máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iná bá wọ́n. Tí nọ́ńbà bá ń yí fúnra rẹ̀, ẹ má bá ara yín jà, ẹ má sì so nǹkan kan rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Kí ẹ sì fún ẹ̀rọ yín ní orúkọ tí kò jọ ti ẹlòmíì.

Lórí orúkọ yìí ni Dale àti Janelle ò ti fẹnu kò. Janelle ti tẹ "Otto" sínú fóònù. Dale ní kò ṣeé ṣe, torí ọjọ́ tí fóònù bá kígbe pé Otto ti gbóná jù, ìyá Janelle á fò wá láti Iowa. Ó ní "Ṣadraki" ló yẹ ẹ́, torí nínú Bíbélì, òun ló mọ inú iná ìléru jù.

"Ṣadraki ò dáná, Dale. Wọ́n jù ú sínú ẹ̀ ni."

"Ó ṣáà jáde láàyè. Kí la tún fẹ́?"

Janelle pa "Otto" rẹ́, ó tẹ "Yàrá Otto", ó sì gbé fóònù sápò. Dale dé fìlà rẹ̀, ó jáde lọ síbi tí ọkọ̀ wà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé tí kì í bá ṣe pé òun lahùn, obìnrin yẹn ì bá má fi "Yàrá" kún un rárá.