Omi Tí Aránṣọ Kọ̀ Fún Awakọ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó fi òrùlé bò wá lónìí.

Opó kan wà tó jẹ́ aránṣọ, ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́. Ọjọ́ tí wọn yóò da kọnkéré sí òkè ilé rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló bá a wá ilé-iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí yóò pò ó, tí yóò sì fi ọkọ̀ gbé e wá, àmọ́ òdì kejì ìlú ni wọ́n wà. Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá. Aago mẹ́wàá kọjá kí ọkọ̀ tó dé, oòrùn ti mú. Kọnkéré inú rẹ̀ ti ń le, kò ṣàn mọ́.

Awakọ̀ fa rọ́bà omi. "Màmá, omi díẹ̀ báyìí, á rọ̀."

Bíríkìlà tí wọ́n ń pè ní Má-kánjú bẹ́ sílẹ̀ lórí àkàbà. "Ọ̀gá awakọ̀, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ bomi là ni? Ẹ mú ìwé yín wá."

Ìwé fi hàn pé aago méje ni wọ́n ti pò ó, ó ti lé ní wákàtí mẹ́ta.

"Kí ni omi máa ṣe fún un?" aránṣọ béèrè.

"Ìyá mi, látìgbà tí omi ti kan sìmẹ́ńtì ló ti ń dì. Omi tẹ́ ẹ bá tún bù sí i kò ní sọ ọ́ di tuntun, agbára rẹ̀ ló máa gbà. Òkè á dán, inú á sán."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bíríkìlà ti di dókítà! Màmá, bí mo bá gbé e padà, kí lẹ fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà gún aránṣọ lọ́kàn, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún bàbá náà púpọ̀. Ó wo yàrá ìsàlẹ̀.

"Màá sọ fún wọn pé àwọn ọmọ àbúrò wọn ló máa sùn lábẹ́ ẹ̀. Ẹ gbé e padà."

Ọjọ́ kejì, òun àti Má-kánjú lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tí kò jìnnà. Ó béèrè bí iyanrìn wọn ṣe mọ́ tó, irú àpòpọ̀ tó yẹ òkè ilé, àti ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ máa lò lọ́nà. Ogún ìṣẹ́jú péré ni! Nígbà tí wọ́n gbé kọnkéré wá dà, wọ́n bu díẹ̀ sínú àpótí irin kékeré láti fọ́ wò lẹ́yìn ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, kí wọ́n lè mọ bó ṣe lágbára tó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni aránṣọ fi ń bomi rin kọnkéré náà lẹ́yìn tó ti dì, kó má baà sán.

Nígbà tí àyẹ̀wò dé, ó yege! Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí kò bá a sọ̀rọ̀ láti oṣù kan nítorí ọkọ̀ tó dá padà, gun òkè, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì-gbì.

"Ìyàwó wa, o ṣe ọkùnrin. Ó kù díẹ̀ kí n fi ojúṣàájú sin àwọn ọmọ àbúrò mi. Mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ. Èmi náà fẹ́ kọ́lé."

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé, ẹ wá ilé-iṣẹ́ tó sún mọ́ yín, ẹ wo aago inú ìwé, ẹ má sì tijú láti dá ọkọ̀ padà. Ojú ń tì mí kì í gba èèyàn là lábẹ́ ilé tó wó.

Kí Olúwa fi ìdí ilé yín múlẹ̀, kí ẹ dàgbà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Àmín.