Igi Tó Ń Jẹ Òkè

Ọdún kẹta rèé tí igi páìnì orí Òkè Ìgbórè kọ̀ tí kò dàgbà. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tó wà ní àfonífojì ti ga ju ilé alájà méjì lọ, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ jìn, ó sì ń di omi mú. Àwọn tòkè kò ju ìbàdí ènìyàn lọ. Bẹ́ẹ̀ ìlú tó wà lára òkè náà nílò wọn. Láti ìgbà tí ooru ti pa igbó àtijọ́, páìnì nìkan ló kù tó ń fọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí.

Ìbídùn, onímọ̀ ilẹ̀ ìlú náà, gbé awòlẹ̀ gòkè, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo abẹ́ ilẹ̀. Ìka mẹ́rin péré ni iyẹ̀pẹ̀. Àpáta ló kù. Gbòǹgbò kò ríbi wọ̀. Ló bá tọ́ olú wínníwínní kan tó pè ní ajàpáta, tí yóò máa gbé ara gbòǹgbò, tí yóò sì máa sọ òkúta di iyẹ̀pẹ̀.

Baba Akíngbadé, tó ń tọ́jú ìsun omi ìlú, wá bá a.

"Ìbídùn, àpáta yẹn ló gbé ilé wa dúró. Bí o bá fi bọ́ igi, kí ni yóò gbé wa?"

"Ẹ má fòyà, Bàbá. Mo ti díwọ̀n ohun tí yóò jẹ."

"Ta ló bá ebi ṣe àdéhùn rí?"

Ìbídùn fi olú náà sí ìdí àwọn igi náà. Kò pé ọdún méjì tí páìnì fi ga fíofío. Inú Ìbídùn dùn dẹ́yìn. Àfi bí omi ìsun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iyanrìn, tí ilẹ̀kùn kò ṣeé tì mọ́, tí ògiri ń sán. Ó tún gbé awòlẹ̀ gòkè. Inú àpáta ti rí bí afárá oyin. Gbòǹgbò nìkan ló ṣì dì í mú.

"Ẹ jẹ́ ká gé wọn!" ni Baba Akíngbadé wí.

"Bí a bá gé wọn, òkè yóò wó lónìí. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn yóò jẹ ìyókù."

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Bóyá mẹ́ta."

Baba kò bá a wí, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Ó kọjú sí ilé àkọ́kọ́, ó ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n lè tètè kó jáde. Ìbídùn mú ìkejì. Ìyá arúgbó kan ló ṣí i.

"Ṣé a ó padà wálé, ọmọ mi?"

Irọ́ dé ẹnu Ìbídùn. Ó gbé e mì.

"A ò ní padà, Mà," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹrù ìyá náà rù.