Ìdí Tí Ọ̀gá Fi Ń Ta Ènìyàn Nípàá

Ní àárọ̀ Sátidé kan, àwọn ọmọ Bàbá Onígàárì méjèèjì péjọ sílé rẹ̀ láti bá a di ẹrù. Orúnkún Bàbá ti wú, kò lè dá omi pọn mọ́, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un nílé ìwòsàn pé kò gbọdọ̀ dá gbé. Àbúrò, obìnrin tó ń ránṣọ, ti tún yàrá kan ṣe fún un nílé ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti gbé ọkọ̀ wá. Wọ́n di abẹ́rẹ́ ńláńlá tí Bàbá fi ń rán gàárì ẹṣin, wọ́n di awọ, wọ́n di ìkòkò. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò rí dì.

Ohun náà dúró lẹ́yìnkùlé, ó ń jẹ koríko gbígbẹ, ó ń húkọ́.

Ẹṣin ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó dúdú bí kóró iṣin, Ọ̀gá sì ni Bàbá ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tó fi ń pe ẹran ní ọ̀gá, yóò ní, "Ṣé ẹ ti rí i kó jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an rí ni?"

Ọ̀gá ní àìsàn, ó sì ní ìwà. Bí eruku bá wà nínú koríko rẹ̀, ikọ́ a dé. Ó ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú. Ó ti ta ọkùnrin tó ń gé pátákò rẹ̀ nípàá lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀, ó lè já okùn. Bàbá nìkan ni kò ṣe léṣe rí.

"Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ẹ," ni ẹ̀gbọ́n sọ bó ṣe ń so àpótí mọ́ ọkọ̀. "Ọkùnrin kan tó máa ń gbé àwọn ọmọdé gun ẹṣin ní pápá ìṣeré. Lọ́la ló ń bọ̀."

Àbúrò dá ọwọ́ dúró. "Ṣé ẹ sọ fún un pé ó máa ń ta ènìyàn nípàá?"

"Ta ló máa ń sọ ìyẹn? Wọ́n fún mi ní oògùn kan tí a máa pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ti jẹ ẹ́, kò ní tiro, ara rẹ̀ á sì wálẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn bá ti mú un délé, ó di tiẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yẹn máa ṣá lára rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà yẹn."

Ẹ̀gbọ́n fa okùn àpótí náà le. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń rò ni pé ọkàn bàbá wọn ò ní balẹ̀ bí kò bá sẹ́ni tó gba ẹran náà. "Bí a bá ka gbogbo àbùkù rẹ̀ sílẹ̀," ló wí, "ta ló máa gbà á?"

Àbúrò fi ẹrù tó ń dì sílẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pe dókítà ẹran.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni dókítà dé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà rọ́bà. Kò sáré lọ bá ẹṣin. Ó dojú korobá kan dé, ó jókòó lé e, ó ń wò. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, "Àwọn tó ta nípàá yìí, apá ibo ni wọ́n gbà yọ sí i?"

Wọ́n ronú sí i. Ẹni tó ń gé pátákò, apá òsì ni. Aládùúgbò kan tó ta nígbà tó wá yá àkàbà, apá òsì náà ni.

Dókítà dìde, ó gba apá ọ̀tún lọ. Ọ̀gá gbà kó fọwọ́ kan òun. Ó wá yọ aṣọ funfun kan lápò, ó na ọwọ́ yípo iwájú ẹṣin náà, ó sì ń ju aṣọ náà síwá sẹ́yìn níwájú ojú òsì rẹ̀. Ọ̀gá ń jẹ koríko lọ ní tirẹ̀. Ó jù ú níwájú ojú ọ̀tún. Ọ̀gá gbé orí sókè wàrà.

"Ojú òsì yìí ti fọ́," ni dókítà wí. "Ó sì ti pẹ́. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wá, ṣe ló dà bíi pé ilẹ̀ ló lanu tó sì pọ̀ ọ́ jáde. Ẹ̀rù ló ń ba ẹran yìí, kì í ṣe ìkà."

Bàbá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Kò ta èmi rí. Bẹ́ẹ̀ apá òsì yẹn ni mo máa ń gbà, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà."

"Bàbá, kí lẹ máa ń ṣe bí ẹ bá ń wọlé tọ̀ ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn máa ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ni. Mo máa ń ròyìn ohun tí ojú mi rí lóòjọ́ fún un. Ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí ti kú. Ta ni ǹ bá tún máa sọ ọ́ fún?"

Dókítà wò ó títí. "Ohùn yín ló fi ń ríran ní apá ibẹ̀, Bàbá."

Bàbá fi ọ̀pá dìde, ó ń bá ẹṣin náà sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ. Kó tó dé ibẹ̀ ni etí òsì ẹṣin ti yí sí i. Nígbà tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ojú tó fọ́ náà, Ọ̀gá sọ orí kalẹ̀ sí àyà rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ti ń rí wọn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá wò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé náà.

Ó mú oògùn náà jáde, ó fi han dókítà láìjẹ́ pé wọ́n bi í.

"Ìrora ló ń sọ fún ẹṣin pé kó rọra tẹ ẹsẹ̀," ni dókítà ṣàlàyé. "Bí ẹ bá pa ìrora tí ẹ ò wo ẹsẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ sáré títí á fi ṣubú, tòun tẹni tó gbé. Màá tọ́jú pátákò yìí, àmọ́ kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn mọ́. Ẹ máa bu omi wọ́n koríko rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, ikọ́ yẹn á dínkù. Kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ojú, ẹsẹ̀, ikọ́, ìpàá, okùn jíjá. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, ẹ jẹ́ kó kà á."

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló pe ọkùnrin pápá ìṣeré. Ó sọ òtítọ́ fún un. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun o. Ọmọ tèmi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé gun ẹṣin tuntun."

Fóònù náà wà létí ẹ̀gbọ́n fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá ò tíì lè kó lọ nítorí Ọ̀gá. Àbúrò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí pálọ̀ Bàbá, ó sì ń tibẹ̀ ṣiṣẹ́. Èèyàn mẹ́ta wá ka ìwé náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá a padà, wọ́n lọ. Ẹni kẹrin jẹ́ obìnrin amọ̀kòkò kan. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì ló ní tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ti kú, èkejì ò jẹun dáadáa mọ́.

"Mi ò wá ẹni tó máa ru amọ̀," ló wí. "Ẹni tó máa bá tèmi jẹun ni mò ń wá."

Síbẹ̀ wọn ò fa ẹṣin lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé tọ Ọ̀gá. Àbúrò lọ wo ọgbà rẹ̀ àti omi tó wà níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i pé oṣù méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ìdánwò, àti pé bí kò bá rọrùn, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹṣin yóò padà sí. Obìnrin náà ò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn.

Dókítà ní kí ìdènà wà láàárín àwọn ẹran méjèèjì lọ́gbà amọ̀kòkò fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Bàbá wà níbẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà kéré, ó ní àwọ̀ eérú. Ó fi imú gbọ́ òórùn Ọ̀gá láti iwájú, ó yípo rẹ̀, ó wá dúró sí apá òsì rẹ̀, èjìká rẹ̀ kan ti ẹṣin. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀gá tẹ̀ lé e. Kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ wà ní apá òsì lọ́hùn-ún. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yà. Ọ̀gá yà. Wọ́n gba etí rẹ̀ kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Amọ̀kòkò ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

Omi ti kún ojú Bàbá. Ó ní, "Láti kékeré ni mo ti wà pẹ̀lú ẹṣin. Mo rò pé mo mọ̀ wọ́n."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹran tí ẹ ò lè tọ́jú mọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọwọ́ a máa rẹ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ pe dókítà ẹran kí ẹ tó pe ẹni tó máa gbà á, nítorí ìwà tí ẹ̀ ń pè ní burúkú lè jẹ́ àìsàn. Ẹ má fi oògùn bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ẹ kọ àbùkù rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo ibi tó ń lọ, ẹ sì jẹ́ kí ọ̀nà ìpadà wà. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ gba ẹran, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe é, kí ẹ ní sùúrù láti mọ̀ ọ́n. Ó lè pẹ́ kí ẹni tó yẹ tó dé. Ẹ má bẹ̀rù láti sọ òtítọ́: ẹni tó bá tìtorí òtítọ́ sá lọ, ẹran yín ló ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.