Bẹ́ńṣì Ìlà Ẹ̀yìn

"Hámónì tí ẹ ń pariwo yìí, ara igi ló ti wá," ni olùkọ́ orin wí. "Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà. Bí pákó méjì bá wọ ara wọn ṣinṣin, ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn, kí wọ́n tó wá fi pe orin. Ó yá, ẹ gbé e."

Orin kò tíì dé ìdajì tí nǹkan fi dún gbàù. Bẹ́ńṣì tuntun tí ìlà ẹ̀yìn dúró lé wó, ọmọ márùn-ún sì ya lulẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Erin nítorí pé ó sanra ló wà nísàlẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bẹ́ńṣì ni, kì í ṣe afárá," ni ẹnì kan wí. Ẹ̀rín sọ.

Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Erin, o ò ní bá wa lọ síbi ìdíje mọ́. Mi ò lè fi àwọn yòókù wewu."

Ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà ni Ọmọ Káfíńtà. Òun ló kan bẹ́ńṣì yẹn ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Ó gé ẹnu ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì náà tín-ín-rín jù, kò kún inú ihò. Bàbá ní kó gé òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ ń dúró dè é níta. Ló bá po ìyẹ̀fun igi mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí àlàfo náà, ó sì kùn ún lọ́dà. Bàbá rí i, ó rò pé ó ti gé òmíràn, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣeun." Bó bá jẹ́wọ́ báyìí, òun náà ò ní lọ síbi ìdíje nìyẹn.

Ó tún wo ọwọ́ Erin. Ó ti ń wú.

"Mà, kì í ṣe Erin. Èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù dí ẹsẹ̀ tí kò wọlé dáadáa."

Olùkọ́ yíjú sí i.

"Mélòó lo ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Méjì, mà."

"Èkejì dà?"

Kò tilẹ̀ tíì rò ó débẹ̀. "Ó wà ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké."

Eré ni wọ́n sá débẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ló gun bẹ́ńṣì náà, tí wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ Káfíńtà ń gbé wọn sọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni ìkẹyìn ti tẹ ilẹ̀, olùkọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ bẹ́ńṣì náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ìyẹ̀fun igi sì dà sílẹ̀.



Erin lọ síbi ìdíje pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Ọmọ Káfíńtà wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń gé ẹsẹ̀ tuntun, bàbá rẹ̀ sì dúró tì í. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àlàfo tí a bá fi ọ̀dà bò kò tíì dí. Ẹni tí yóò fẹsẹ̀ lé e ló ń dúró dè.